Ìtàn Ìwádìí Jíìnì p53 Nínú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀, 1960–2004: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe mọ̀ pé p53, jíìnì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dènà jẹjẹrẹ, máa ń bàjẹ́ lọ́nà kan pàtó nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tó ń jẹ oúnjẹ oníhóró tó ti bu. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú àwọn tòlótòló ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, a sì bá ìtàn náà dé orí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wọ ètò ìlera ọmọdé Nàìjíríà ní ọdún 2004. Èrò wa ni pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di olùkọ́ mọ ìtàn yìí, nítorí pé ó so ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìtọ́jú ilé àti ìtàn pọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

Ìfáàrà

Nígbà tí ojú àti ìtọ̀ àgbàlagbà kan bá pọ́n, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rù, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ládùúgbò ni pé wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Bí ó bá jẹ́ olówó, wọ́n á ní àwọn ẹbí rẹ̀ ni. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò níbi iṣẹ́, wọ́n á ní ẹni tó ń bá a du ipò ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdílé ti tú ká, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí aláìsàn náà ti ń jẹ láti kékeré, tàbí bóyá ìyá rẹ̀ ní kòkòrò àrùn kan lára nígbà tó bí i.

A kò sọ pé kò sí ẹni tó ń fi májèlé pa ènìyàn láyé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń pa àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Áfíríkà, májèlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ ọ̀tá nínú rẹ̀. Inú àká ló wà, inú àpò àgbàdo àti inú ẹ̀pà. Ó máa ń fi àmì sílẹ̀ lára jíìnì ẹni tó bá jẹ ẹ́, àwọn onímọ̀ sì ti mọ bí a ṣe ń ka àmì náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Tòlótòló àti ẹ̀pà

Ní ọdún 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n pe àìsàn náà ní àrùn X ti tòlótòló. Wọ́n wá kòkòrò àrùn títí, wọn kò rí. Ohun kan ṣoṣo tó pa àwọn oko tí àrùn náà ti jà pọ̀ ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹyẹ náà: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wọlé láti Brazil. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀pà náà wò, wọ́n rí ipa olú wẹ́wẹ́ kan tó máa ń hù sára oúnjẹ tí kò gbẹ dáadáa. Aspergillus flavus ni orúkọ rẹ̀. Láti ara orúkọ yìí ni wọ́n ti fa orúkọ májèlé tó ń mú jáde yọ: aflatoxin.

Oríṣi mẹ́rin tó gbajúmọ̀ ni B1, B2, G1 àti G2. Bí wọ́n bá tan iná ultraviolet sí wọn, àwọn ti B máa ń tàn bí aró, àwọn ti G sì máa ń tàn bí ewé. Láti ara orúkọ àwọ̀ méjèèjì lédè Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà wọn ti wá. B1 ló burú jù lọ. Kò pẹ́ tí àwọn oníwàádìí fi rí i pé àwọn eku tí wọ́n fi irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ bọ́ máa ń ní kókó nínú ẹ̀dọ̀. Májèlé yìí kò ní òórùn, kò ní adùn, sísè àti sísun kì í sì í mú un kúrò pátá.

Ní àkókò yẹn gan-an, àwọn òkìtì ẹ̀pà Kánò ń ga bí òkè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀pà jù lọ lágbàáyé. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin lórí ẹ̀pà tó ń wọ ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí kò bá yege láti kọjá sí òkè òkun kì í ṣàìrí ẹni jẹ ẹ́. Ilé ló ń jókòó sí, nínú kúlíkúlí, nínú ọbẹ̀, nínú gúgúrú àti ẹ̀pà tí ọmọ iléèwé ń rà lójú ọ̀nà.

Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B

Apá kejì ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti wá ẹ̀dọ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Baruch Blumberg, ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀yà ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. Ó rí ohun àjèjì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Australia kan, ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1965. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ara fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni ohun náà jẹ́. Blumberg gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá fáírọ́ọ̀sì yìí ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, tàbí wọ́n kàn ń rìn pọ̀ ni. R. Palmer Beasley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Taiwan, wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkùnrin 22,707, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn láti ọdún dé ọdún. Ní ọdún 1981, wọ́n kéde pé àwọn tó ní fáírọ́ọ̀sì náà lára fi ìlọ́po 223 sún mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ju àwọn tí kò ní i lọ. Nínú ìtàn ìṣègùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìbáṣepọ̀ tó lágbára tó báyìí láàárín ohun kan àti jẹjẹrẹ.

Bí májèlé àti fáírọ́ọ̀sì bá wá pàdé lára ẹnì kan ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ọkùnrin 18,244 ní Shanghai, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1994, dáhùn. Ẹni tí àmì aflatoxin nìkan wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ fi bí ìlọ́po 3.4 sún mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹni tó ní fáírọ́ọ̀sì nìkan, ìlọ́po 7.3. Ẹni tó ní méjèèjì, ìlọ́po 59.4. Bí a bá ro ti àkọ́kọ́ mọ́ ti èkejì, a kò ní rí 59. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni.

Jíìnì tí a fi orúkọ olè pè

Kí a tó lè lóye bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé jẹjẹrẹ máa ń wáyé nígbà tí jíìnì burúkú kan bá jí. Ní ọdún 1969, Henry Harris ní Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá, wọ́n sì rí i pé ìwà jẹjẹrẹ náà rọlẹ̀. Ìyẹn ni pé nǹkan kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá tó ń kó jẹjẹrẹ níjàánu. Ní ọdún 1971, Alfred Knudson gbé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé 48 tó ní jẹjẹrẹ ojú yẹ̀ wò. Ó ní ó dà bíi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni nǹkan gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí àìsàn náà tó dé. Àlàyé tó wá fìdí múlẹ̀ ni pé méjì méjì ni a ní jíìnì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, àfìgbà tí méjèèjì bá kú ni ìjánu tó já.

Ní ọdún 1979, àwọn ẹgbẹ́ oníwàádìí mélòó kan rí pírótíìnì kan láìmọ̀ nípa ara wọn: David Lane àti Lionel Crawford ní London, Daniel Linzer àti Arnold Levine ní Princeton, ẹgbẹ́ Lloyd Old ní New York, àti àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n pè é ní p53 nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ lójú ohun èlò wọn jẹ́ 53,000. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ bí 44,000, nítorí náà orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é dòní jẹ́ àṣìwọ̀n.

Àṣìṣe kejì ju ti orúkọ lọ. Nítorí pé p53 máa ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àwọn onímọ̀ gbà pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1984, àwọn ìwádìí kan jáde tó dà bíi pé wọ́n fìdí èrò yìí múlẹ̀. Bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi pe ọlọ́dẹ ní olè. Ìgbà tó di ọdún 1989 ni òtítọ́ yọ. Bert Vogelstein àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Johns Hopkins rí i pé nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ẹ̀dà p53 kan sábà máa ń sọnù, èkejì sì máa ń bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí Knudson ti wí. Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Levine fi hàn pé p53 tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ nínú yàrá ìwádìí ti bàjẹ́ kí wọ́n tó lò ó. Nígbà tí wọ́n lo èyí tí kò bàjẹ́, dípò kí ó fa jẹjẹrẹ, ó dá a dúró. Ní ọdún 1992, Lane fún un ní oyè tuntun: olùṣọ́ DNA.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi kọ DNA: A, C, G àti T. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ló ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń pe ohun kan tí a fi ń mọ pírótíìnì. Àpapọ̀ irú ohun bẹ́ẹ̀ 393 ni a fi mọ p53. Orí kúrómósóòmù 17 ni jíìnì rẹ̀ wà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí méjì jáde pọ̀. Ìkínní wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Curtis Harris ní Amẹ́ríkà, tó ṣiṣẹ́ lórí kókó ẹ̀dọ̀ 16 láti Qidong, lẹ́bàá ibi tí odò Yangtze ti wọ òkun ní China. Àgbàdo ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ jù nígbà náà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì ń pa wọ́n púpọ̀. Nínú kókó 16 náà, 8 ni jíìnì p53 wọn bàjẹ́ ní ojú kan náà: lẹ́tà kẹta nínú ọ̀rọ̀ 249. Nínú 7 lára wọn, G ló di T. Ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Mehmet Ozturk, lórí kókó ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn gúúsù Áfíríkà. Nínú ìyípadà 5 tí wọ́n rí, 4 jẹ́ G tó di T, ọ̀rọ̀ 249 ni wọ́n sì ṣùjọ sí.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Qidong jìnnà sí gúúsù Áfíríkà. Èdè wọn kò jọra, ẹ̀jẹ̀ wọn kò tan. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni oúnjẹ tó ti bu àti fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé G ni aflatoxin B1 fẹ́ràn láti gbá mú. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń gbìyànjú láti fọ májèlé náà kúrò nínú ara, ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè lẹ̀ mọ́ G. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ara rẹ̀ kọ kí àtúnṣe tó dé, G lè di T. Ọ̀rọ̀ 249, tó yẹ kí ó jẹ́ AGG, á di AGT. Arginine tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ á di serine, ọwọ́ tí p53 fi ń di DNA mú á sì ṣẹ́.

Ní àwọn ìlú tí aflatoxin kò ti pọ̀ nínú oúnjẹ, p53 máa ń bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti ń bàjẹ́ máa ń fọ́n ká. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa pe ìyípadà 249 ní òǹtẹ̀ aflatoxin. Ní ọdún 2000, wọ́n wá òǹtẹ̀ náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn Gambia láìgé ẹ̀dọ̀ rárá. Wọ́n rí i lára 19 nínú àwọn 53 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àti lára 3 nínú àwọn 53 tí ara wọn dá. Wọn kò rí i lára àwọn aláìsàn láti ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n fi wé wọn.

Pípọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣiṣẹ́

Ibi tó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú nìyí, nítorí náà a fẹ́ là á mọ́lẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá, p53 kì í pọ̀. Pírótíìnì mìíràn, MDM2, máa ń rí sí i pé wọ́n ń wó o bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Bí DNA bá ṣèṣe, wíwó náà á dáwọ́ dúró, p53 á pọ̀ sí i, á dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí àtúnṣe lè wáyé, tàbí kí ó pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. P53 tó ti bàjẹ́ kì í sábà rí ẹni wó o. Ó ń pọ̀ sí i, kò sì lè ṣiṣẹ́. Bí ọlọ́dẹ ogún bá sùn sí ẹnu ibodè, ọjà kò ní àbò ju èyí tí ọlọ́dẹ kan ṣoṣo tó lajú ń ṣọ́ lọ. Ohun tó ṣi àwọn onímọ̀ lọ́nà kí ọdún 1989 tó dé nìyí: wọ́n ka iye ọlọ́dẹ, wọn kò wo ojú wọn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Pírótíìnì kan tí fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní HBx, lè di p53 tó dá ṣáṣá mú kí ó má ríṣẹ́ ṣe. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, jíìnì adènà-jẹjẹrẹ mìíràn, p16, máa ń dákẹ́ láìjẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kankan yí padà. Àmì kẹ́míkà tó lẹ̀ mọ́ ọn ló tì í pa. Ìwé náà pé, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò ṣeé ṣí kà.

Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i

Bí ìtàn yìí bá parí sí yàrá ìwádìí, a kò ní gbé e wá síwájú àwọn olùkọ́. Ní oṣù keje ọdún 1984, Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Láàárín ọdún 1981 sí 1986, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú ọmọ 0.70 nínú 100,000 lọ́dún láàárín àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14. Láàárín ọdún 1990 sí 1994, ó ti dín sí 0.36. Èyí wà lára àwọn ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dènà jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ní Gambia, ètò irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986. Ní ọdún 1992, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn láti fi abẹ́rẹ́ náà kún ètò wọn kí ó tó di ọdún 1997. Nàìjíríà fi tirẹ̀ kún un ní ọdún 2004.

Ní ti májèlé, nígbà tí ọjà ṣí sílẹ̀ ní Qidong láti bí ọdún 1980 wá, àwọn ènìyàn kúrò lórí àgbàdo bọ́ sórí ìrẹsì, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì lọ sílẹ̀ láàárín àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tíì kàn. Nílé wa níbí, àjọ IITA tó wà ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wọn láti Amẹ́ríkà mú Aflasafe jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà. Olú Aspergillus tí kì í mú májèlé jáde ni wọ́n so mọ́ hóró ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sí oko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí irè tó tanná, olú tí kò ní májèlé á sì gba ààyè mọ́ elérò burúkú lọ́wọ́.

Ohun tó kàn wá

Láti inú ìtàn yìí, a dá àbá mẹ́rin fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́.

Àkọ́kọ́, kí a máa fi ìtàn àṣìṣe kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pe p53 ní ọ̀daràn fún ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n sì fi ẹ̀rí yí ọ̀rọ̀ ara wọn padà, yóò mọ̀ pé ẹ̀rí ló ń gbé ìmọ̀ ró. Yóò sì ní ìgboyà láti béèrè ẹ̀rí nígbà tí wọ́n bá ní wọ́n ti fún ẹnì kan ní nǹkan jẹ.

Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka wa má ṣe máa kọ́ apá kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ kan náà láìmọ̀ nípa ara wọn. Ẹ̀ka ẹ̀dá oníyè ń kọ́ jíìnì, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, ti ìtọ́jú ilé ń kọ́ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ 249 lè jẹ́ ìpàdé gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ tó ń jáde lọ́wọ́ wa lè sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́jà ní èdè tó yé e: pé kí a sá àgbàdo gbẹ dáadáa lórí ohun tí a tẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán, pé kí a ṣa ẹ̀pà tó rún, tó dúdú tàbí tó bu kúrò, pé kí a má kó èyí tí a ṣà sọnù lọ fún adìyẹ tàbí fún ẹni tó ń ṣe kúlíkúlí. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ní iṣẹ́ níbí pẹ̀lú, nítorí pé a kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún jíìnì àti àwọn ohun tó rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó dàgbà jù ni wọ́n ti bí kí abẹ́rẹ́ náà tó wọ ètò wa ní ọdún 2004. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí ara wọn ṣe wà nípa àyẹ̀wò, kí àwọn tó máa di òbí sì mọ̀ pé láàárín wákàtí 24 tí a bá bí ọmọ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dára jù. Ẹni tí wọ́n bá rí fáírọ́ọ̀sì náà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹni àtanù. Ìtọ́jú wà, jíjẹun pọ̀ kì í sì í kó o ranni.

Ìkádìí

Nínú ìtàn ọdún mẹ́rìnlélógójì yìí, a ti rí bí ikú tòlótòló ṣe tọ́ka sí ẹ̀pà, bí ẹ̀pà ṣe tọ́ka sí májèlé, àti bí májèlé ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́tà kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù lẹ́tà. Ó bani nínú jẹ́ pé nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn China àti Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà, tí ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ wa kò sì tíì gbọ́ nípa rẹ̀ títí dòní. Yàrá ìwádìí ti ṣe tirẹ̀. Láti ibẹ̀ dé inú àká, ẹnu olùkọ́ ni ọ̀nà gbà kọjá.